Oníbodè Ẹ̀yìn Ring Road

Bí ẹ bá fẹ́ kí inú Gbádérọ̀ dùn, ẹ fún un ní mọ́tò tí epo kún inú rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ó dojú kọ Òkè Ọya. Awakọ̀ ọ̀nà jíjìn ni. Láti Ìbàdàn títí dé Kánò, kò sí ìlú tí kò ní ibi tó ń sùn sí: ẹní ni ní Jẹ́bà, ìjókòó ọkọ̀ ni ní Kàdúná. Lateefat ìyàwó rẹ̀, tó ń ta òkìrìkà ní Challenge, a máa sọ pé ọkọ kọ́ ni òun fẹ́, àlejò tó ń mú iṣu bọ̀ ni. Ẹ̀rín ni ọ̀rọ̀ náà máa ń pa Gbádérọ̀. Ká má purọ́, ọkùnrin náà fẹ́ràn títì ju bó ṣe yẹ kí ọmọ ènìyàn fẹ́ràn ọ̀dà lọ.

Òun gan-an ni wọ́n wá fi ṣe oníbodè.

Ilé Aṣọ́bodè wà ní ẹ̀yìn Ring Road. Kí títì tó gba ibẹ̀ kọjá, ibẹ̀ ni ìlú ti ń parí. Odi ló yí ìlú ká nígbà ogun, amọ̀ pupa tí wọ́n fẹsẹ̀ gún, tí wọ́n wá ń mọ ní ìpele ìpele títí ó fi ga ju ẹni tó gun ẹṣin lọ. Yàrà jíjìn wà ní ìta rẹ̀, ẹ̀gún sì kún etí yàrà. Ibi tí ọ̀nà oko bá ti la odi kọjá ni bodè máa ń wà, oníbodè a sì kọ́lé tì í, òun àti àwọn jagunjagun díẹ̀. Òun ló ń ṣílẹ̀kùn fún àgbẹ̀ láàárọ̀, òun ló ń yẹ ẹrù àlejò wò, òun náà ló ń tì í bí oòrùn bá wọ̀. Baba ńlá Gbádérọ̀ ni wọ́n fi bodè yìí lé lọ́wọ́. Nígbà tí ogun tán, tí òyìnbó dé, kò sẹ́ni tó tún odi ṣe mọ́. Òjò ń wó o, àwọn akọ́lé ń bù ú. Èyí tó ṣẹ́kù kò ju òkìtì gígùn kan tí koríko bò lọ, ní ẹ̀yìn ilé Aṣọ́bodè, láàrin ìsọ̀ oníṣòwò táyà àti ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan.

Odi lọ, èèwọ̀ kò lọ. Àgbà ọkùnrin ilé Aṣọ́bodè kò gbọdọ̀ sùn ní ìta odi, oòrùn kò sì gbọdọ̀ wọ̀ bá a níbẹ̀. Télọ̀ ni Ìdrís, ẹ̀gbọ́n Gbádérọ̀, kì í lọ síbì kankan, nítorí náà èèwọ̀ yìí kò dí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n Ìdrís kú lọ́dún 1995, oyè sì kan Gbádérọ̀. Ó ní òun kò ṣe. Wọ́n ní kó wá sọ ọ́ lójú Ìyá Àmúdàtù.

Ìyá Àmúdàtù ni àgbà àwọn ọmọ obìnrin ilé náà. Ojú rẹ̀ ti fọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó mú Gbádérọ̀ jókòó, ó sì sọ ibi tí èèwọ̀ ti wá fún un. Oníbodè kan ló lọ sùn sọ́dọ̀ àlè rẹ̀ lóko nígbà ogun, kò sì fi bodè lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Kí àkùkọ tó kọ, àwọn akónilẹ́rú ti wọlé, wọ́n ti kó obìnrin àti ọmọdé lọ. Àbúrò bàbá bàbá Ìyá wà nínú wọn, ọmọbìnrin tí kò tíì mọ ọkùnrin. Wọ́n gbọ́ pé etí òkun ni wọ́n kó wọn gbà, níbi tí àwọn òyìnbó mọ ilé olódi sí, tí wọ́n gbé àgbá sórí rẹ̀. Ìyá ní odi tiwa ń pa ènìyàn mọ́, odi tiwọn ń gbé ènìyàn mì. Láti ọjọ́ náà ni ilé Aṣọ́bodè ti búra.

"Ìyá, odi wo la tún ń ṣọ́?" ni Gbádérọ̀ bi í. "Ogun ti tán."

"Odi wà lẹ́yìn ilé níbẹ̀ yẹn," ni Ìyá dáhùn. "Níwọ̀n ìgbà tó bá wà níbẹ̀, ìwọ náà á máa wà níbẹ̀."

Báyìí ni Gbádérọ̀ ṣe kó wọ yàrá Ìdrís. Ìta odi ni Challenge tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé bọ́ sí, Lateefat kò sì lè fi ìsọ̀ àti àwọn ọmọ sílẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni ó máa ń gbé oúnjẹ wá, á jókòó díẹ̀, á sì padà. Tọkọtaya tí ẹsẹ̀ lásán lè gbé dọ́dọ̀ ara wọn wá di àlejò ara wọn.

Gbádérọ̀ ní òun á máa ná Ọ̀yọ́, kí òun máa lọ kí òun máa bọ̀ lóòjọ́. Bí oòrùn ṣe di ọ̀tá rẹ̀ nìyẹn. Tẹ́lẹ̀, inú rẹ̀ máa ń dùn bí oòrùn bá ń rọlẹ̀, torí ẹ́ńjìnnì á tutù. Nísinsìnyí, bí òjìji igi bá ti ń gùn ni òógùn ń bò ó. Lọ́jọ́ kan, tírélà ṣubú dí ọ̀nà ní Mọ́níyà. Gbádérọ̀ wo oòrùn, ó wo àwọn èrò ẹ̀yìn rẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀, ó sì gun ọ̀kadà lọ sílé. Àwọn èrò ṣépè fún un títí ẹnu fi bó wọn. Oòrùn kò wọ̀ bá a ní ìta odi, ṣùgbọ́n ìtìjú ọjọ́ náà kò jẹ́ kó lè jẹun.

Alájì Kabir tó ni ọkọ̀ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èèyàn dáadáa ni Alájì. Ó ní bọ́ọ̀sì tuntun kan ń bọ̀ tí yóò máa ná Kánò, kò sì sẹ́ni tó mọ ọ̀nà náà tó Gbádérọ̀. Bó bá lè sùn lójú ọ̀nà, tirẹ̀ ni. Bí kò bá lè sùn, ẹlòmíràn á gbà á lọ́jọ́ Ajé.

Gbádérọ̀ sunkún nínú yàrá Ìdrís, ó fi aṣọ bo ẹnu kí ará ilé má baà gbọ́. Kò jalè, kò pànìyàn, wọ́n sì tì í mọ́lé. Ibi tó ti ń ro ọ̀rọ̀ Ìyá ni ọgbọ́n kan ti sọ sí i nínú. Níwọ̀n ìgbà tí odi bá wà ni òun náà á máa wà, àbí? Bí odi kò bá wá sí mọ́ ńkọ́?

Adéyẹmọ kọngílá ń kọ́ ìsọ̀ sórí ilẹ̀ àkùrọ̀ nítòsí. Ó ti tọrọ iyẹ̀pẹ̀ odi náà lọ́wọ́ Ìdrís láti fi kún ilẹ̀, Ìdrís sì kọ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀, nígbà tí àwọn ọkùnrin ilé lọ kírun, Gbádérọ̀ ní kó wá kó o, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Odi náà kò tètè gbà. Katapílà bù ú, eyín rẹ̀ yọ̀. Ó kérora, ó tún bù ú. Nígbà tí ó là, wọ́n rí ojú ìka àwọn tó mọ ọ́n lára amọ̀ inú lọ́hùn-ún, ó hàn ketekete. Gbádérọ̀ yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kí wọ́n tó pe ìrun alásàrì, ilẹ̀ ti tẹ́jú.

Ó di aṣọ rẹ̀ sínú báàgì, ó sì lọ dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Àmúdàtù. Ó ní odi ti tán, òun ń padà sẹ́nu iṣẹ́ òun. Ìyá ní kó fa òun lọ́wọ́ débẹ̀. Ó fi ọ̀pá wá òkìtì náà sọ́tùn-ún, ó wá a sósì, ọ̀pá kò kan nǹkan kan. Atẹ́gùn láti ọ̀nà Challenge fẹ́ sí i lójú. Gbádérọ̀ ti ń retí èpè, ó tilẹ̀ fẹ́ kó wá, kó lè bínú lọ. Ìyá kò ṣépè.

"Gbádérọ̀," ni ó wí, "nígbà tí odi wà, ẹnu bodè nìkan là ń ṣọ́. O ti wó o báyìí. Gbogbo ibí ti di bodè."

Ó ní kí wọ́n gbé ẹní òun wá. Ó jókòó sórí ilẹ̀ pupa náà, ó dojú kọ ìta. Gbádérọ̀ bẹ̀ ẹ́ títí pé kó wọlé, pé òtútù ń bọ̀.

"Ẹ̀yin tí ẹ ò ríran, kí lẹ fẹ́ ṣọ́?"

"Ìwọ tó ríran, ìwọ ló ń lọ."

Ó gbé báàgì, ó rìn dé etí títì. Ó bínú sí Ìyá, àánú Ìyá sì ṣe é, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ni ó kórìíra jù. Oòrùn ti ń wọ̀. Ó padà, ó jókòó tì í lórí ẹní.

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n wà níbẹ̀ nígbà tí bọ́ọ̀sì tuntun Alájì Kabir gba Ring Road kọjá. Kò sí òkìtì tó dí i mọ́, nítorí náà Gbádérọ̀ rí i dáadáa, ó rí ẹni tó ń wà á, ó gbọ́ bí agbèrò ṣe ń pe Kánò, Kánò. Ó dìde dúró kí ó tó mọ̀ pé òun dìde.

Ìyá gbọ́ ìró rẹ̀. "Ta ló ń lọ yẹn?"

Gbádérọ̀ wo bọ́ọ̀sì náà títí ó fi yí kọ́nà.

"Kò sẹ́ni tó ń lọ, Ìyá," ni ó wí, ó sì jókòó.