Bóòtù Tí Ẹṣin Ń Fà Lórí Iyanrìn

Títí di òní, bí mo bá gba Rye Lane, títì ọjà wa ní London, kọjá láàárọ̀ òtútù, tí òórùn ẹja dídì àti páálí tútù kọlu imú mi, ọkàn mi kì í balẹ̀. Ẹsẹ̀ mi á kàn máa yára fúnra rẹ̀, bí ẹni tó gbàgbé ìkòkò sórí iná. Kì í ṣe pé ẹja ṣe mí ní nǹkan kan. Ọdún tí ojú ìyá mi ń lọ ni òórùn yẹn máa ń gbé mi padà sí, ọdún tí mo fi wá àwòrán kan ṣoṣo kiri inú íńtánẹ́ẹ̀tì.

Àìsàn ojú tó mú Mummy kì í dunni, kì í sì í pariwo. Láti ẹ̀gbẹ́ ló ti ń jẹ ìríran wọlé, díẹ̀díẹ̀, títí á fi ku àárín nìkan. Dókítà sọ fún wa pé oògùn tí à ń kán sójú lè dá a dúró díẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó ti lọ kò ní padà, èyí tó kù náà yóò sì lọ. Mummy, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́jú àwọn arúgbó òyìnbó ní apá Surrey Quays, kò sunkún. Ó gbé oògùn dókítà àti omi àdúrà láti ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun wọn sójú fèrèsé kan náà, ó ní kí àwọn méjèèjì jọ máa ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun kan tó fẹ́ rí kí ojú náà tó pa pátápátá.

"Kì í ṣe Jerúsálẹ́mù o," ó ní. "Àwòrán pálọ̀ Bàbá mi l'Ógbómọ̀ṣọ́ ni mo fẹ́ rí."

Télọ̀ ni bàbá rẹ̀. Míṣọ́nnárì kan, ará Amẹ́ríkà, tó máa ń gbé aṣọ fún un rán ló fún un ní àwòrán náà nígbà tó ń padà sílùú rẹ̀: àwòrán àtijọ́ tí wọ́n tẹ̀ sórí ìwé, tí wọ́n sì fi ọwọ́ kùn. Ikán ti jẹ ẹ́ kí wọ́n tó bí mi. Èmi náà gbé inú ilé yẹn, nítorí ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni Mummy fi mí sí nígbà tó ń bọ̀ ní London, ṣùgbọ́n ìṣó tí wọ́n fi gbé e kọ́ nìkan ni mo bá lára ògiri.

"Kí ló wà nínú ẹ̀, Mummy?"

"Bóòtù ni. Ẹṣin ń fà á lórí iyanrìn funfun. Ọkùnrin kan jókòó sínú ẹ̀. Ọmọbìnrin kékeré kan dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé, ó wọ aṣọ pupa."

"Ẹṣin ń fa bóòtù? Mummy, ṣé ẹ sure?"

"Ohun tí mo fi ojú mi rí! Bàbá mi fúnra wọn ni wọ́n ṣàlàyé ẹ̀ fún mi. Wọ́n ní bàbá ọmọ yẹn ni, ó ti òkun dé, ó ń bọ̀ wálé."

Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í lè fi nǹkan sílẹ̀. Mo rí i pé àwọn láíbìrì ńláńlá àti ilé àkójọ ohun àtijọ́ ní Amẹ́ríkà ti kó irú àwòrán bẹ́ẹ̀ jọ rẹpẹtẹ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, lọ́fẹ̀ẹ́, tí èèyàn lè máa wò wọ́n láti orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní Peckham. Àwọn kan tilẹ̀ kọ àlàyé fún akẹ́kọ̀ọ́. Ibẹ̀ ni mo ti kà pé orí òkúta ni wọ́n ti ń fi kírẹ́yọ́ọ̀nù ọlọ́ràá yà á, kí wọ́n tó fi yíǹkì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, àti pé àwọn obìnrin á jókòó yí tábìlì ká, oníkálukú á kun àwọ̀ kan ṣoṣo, á sì tì í sí ẹni tó kàn. Mummy fẹ́ràn èyí gan-an. "Ìyẹn ni pé ẹnì kan wà tó jẹ́ pé pupa nìkan ni shift ẹ̀," ó ní. "Morning, pupa. Afternoon, pupa. Ó ṣe é ní pẹ̀lẹ́ o."

Mo wá a nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Elephant and Castle. Mo wá a lásìkò oúnjẹ ọ̀sán níbi iṣẹ́, mo sì wá a ní láíbìrì àdúgbò títí kọ̀ǹpútà fi sọ fún mi pé àkókò mi ti tán. Bóòtù, ẹṣin, iyanrìn, etíkun: mo tẹ̀ wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì, mo tò wọ́n, mo tún wọn tò. Ọkọ̀ ogun ni mo ń rí, àti ẹja àbùùbùtán, àti ọkọ̀ tó ń jóná lójú omi. Inú wá ń bí mi sí gbogbo ará Amẹ́ríkà láìnídìí. Mummy, ní tirẹ̀, ti ń da tíì sí ẹ̀gbẹ́ ife, ó ti ń fọwọ́ tọ ògiri lọ sí ilé ìwẹ̀. Bí mo bá wọlé, kì í bi mí bóyá mo rí i. Àìbéèrè yẹn ló ń lé mi kiri jù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí Kérésìmesì ti sún mọ́lé, mo dúró ní ṣọ́ọ̀bù ẹja, mo ń dúró kí wọ́n gé tèmi. Ojú mi bá bọ́ sára ìwé tí wọ́n fi ń di ẹ̀bùn, tí wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kejì. Bàbá Kérésì ló wà lára rẹ̀, nínú ọkọ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ náà kò ní táyà, imú rẹ̀ tẹ̀ sókè, ẹran ló ń fà á, ilẹ̀ sì funfun báláú.

"Yìnyín!" Mo pariwo ẹ̀. "Kì í ṣe iyanrìn, yìnyín ni!"

Ọkùnrin tó ń gé ẹja gbójú sókè. "Aunty, ice ti wà nínú báàgì yín already."

Télọ̀ tí kò rí kí yìnyín bo ilẹ̀ rí láyé rẹ̀ ni ọmọ ń bi ní ìbéèrè, kò sì lè sọ pé òun ò mọ̀. Ohun funfun nílẹ̀, iyanrìn ni. Ọkọ̀ tí kò ní táyà, bóòtù ni. Mummy alára ti rìn nínú yìnyín lọ síṣẹ́ láìmọye ìgbà ní London yìí, ṣùgbọ́n ní pálọ̀ bàbá rẹ̀, iyanrìn ṣì ni.

Mo fi yìnyín àti ọkọ̀ orí yìnyín tí ẹṣin ń fà rọ́pò iyanrìn àti bóòtù; kó tó di ìrọ̀lẹ́, mo ti rí i. Mo gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo sì fa àga Mummy sún mọ́ ọn. Kò lè rí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan mọ́, ṣùgbọ́n irú ojú-ewé yẹn ń jẹ́ kí èèyàn fa àwòrán sún mọ́ tòsí títí ẹ̀ka igi kan ṣoṣo á fi gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà. Mo ń gbé e wá díẹ̀díẹ̀ sí ìwọ̀nba àárín tó kù fún un: òrùlé ilé, èéfín, etí ẹṣin. Bí ọmọbìnrin náà ṣe yọ, ó fọwọ́ kàn án.

"Òun nìyẹn. Pupa. Mo sọ fún ẹ." Ó wá wò ó dáadáa. "Snow nìyí?"

"Snow ni, Mummy."

"Bàbá mi!" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kí n tẹ̀ lé ipa tí ọkọ̀ náà fà sílẹ̀. Ìlà méjì ni. Ẹsẹ̀ ọmọbìnrin náà gan-an ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n gba iwájú ilé jáde, wọ́n sì parí sábẹ́ ọkọ̀ náà, tí ẹṣin rẹ̀ kọjú sí títì.

Ẹ̀rín kúrò lójú Mummy. "Kò bọ̀ wálé. Ó ń lọ ni."

Ẹnu ọ̀nà ilé Ògbómọ̀ṣọ́ yẹn ni èmi náà dúró sí lọ́jọ́ tí Mummy ń lọ sí London. Ẹ̀yìn rẹ̀ tí kò yí padà ni mo rántí jù lọ nínú gbogbo ìgbà èwe mi. Ó dùn mí, ó dùn mí fún ọ̀pọ̀ ọdún, a kò sì sọ ọ́ rí láàárín ara wa.

"Ṣé ó bojú wẹ̀yìn?" ó bi mí.

Mo fa ojú ọkùnrin náà sún mọ́. Bí mo ṣe ń fà á ló ń tú ká, títí ó fi ku àwọn àmì dúdú wínníwínní tí kírẹ́yọ́ọ̀nù fi sílẹ̀ lórí òkúta. Kò sẹ́ni tó lè sọ ibi tó kọjú sí. Ọwọ́ Mummy wà lórí tèmi.

"Ó bojú wẹ̀yìn," mo ní. "Ọmọ náà ló ń wò."

Ó mí kanlẹ̀. "Èmi náà bojú wẹ̀yìn," ó ní. "Wọ́n ti gbé ẹ wọlé nígbà yẹn ni."

Ìmọ́lẹ̀ nìkan ni Mummy ń rí báyìí. Bí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì bá wá kí i, ó ṣì máa ń sọ fún wọn nípa bóòtù tí ẹṣin ń fà lórí iyanrìn, á sì fi kún un pé ọkùnrin náà bojú wẹ̀yìn. Mo ti rò pé nítorí ojú rẹ̀ ni mo fi sáré káàkiri lọ́dún yẹn, àṣé ìbéèrè tèmi ni mo ń lé. Àwòrán náà ṣì wà níbi tí mo ti rí i. Mo máa ń ṣí i nínú bọ́ọ̀sì nígbà míì, tí ara mi ò bá lélẹ̀, ṣùgbọ́n n kì í fa ojú ọkùnrin yẹn sún mọ́ mọ́. Bí mo bá fi í sílẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán bẹ́ẹ̀, ó hàn gbangba sí mi pé èmi ló ń wò.