Òkúta Inú Ẹrù Káún

Títí ìyá ìyá mi fi kú, ìró rẹ̀ kò kúrú ju kókósẹ̀ lọ rí. Bó ń gún iyán, bó ń sọdá odò, ilẹ̀ ni ìró náà ń wọ́. Àwa ọmọ-ọmọ máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé òun ló ń bá àwọn ará Manigri gbálẹ̀ ọ̀nà. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ohun tó ń bò mọ́lẹ̀ níbẹ̀ lè sọ ọ́ di ẹrú lẹ́ẹ̀kejì.

Zénabou lorúkọ rẹ̀. Sànní, bàbá ìyá mi, àgbẹ̀ oníṣu, ló rí i létí ọ̀nà oko lọ́jọ́ kan. Kò ní ẹrù, kò ní ẹbí, ibà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Sànní gbé e wálé. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó fi í ṣaya. Zénabou ní ọ̀nà jíjìn lòun ti wá, pé iná ló jó òun lójúgun, Sànní ò sì bi í ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nọ́fíù, ẹ̀gbọ́n Sànní, ni kò gbà. Nọ́fíù kì í ṣe èèyàn burúkú, ó kàn fẹ́ kí gbogbo nǹkan tò bí ebè ni. Nígbà náà ní Manigri, bí ọkùnrin bá fẹ́ gbéyàwó, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń ṣáájú àwọn tó ń ru iṣu ìdána lọ sílé àna. Iṣu ta ni wọ́n wá rù lórí Zénabou? Ilé ta ni wọ́n sọ̀ ọ́ sí? Fún ọdún mẹ́sàn-án gbáko, Nọ́fíù ò fẹnu ara rẹ̀ pè é ní ìyàwó ilé. “Obìnrin Sànní” ló ń pè é, àní lójú rẹ̀. Inú ṣì ń bí mi sí i bí mo ti ń sọ ọ́ yìí, bẹ́ẹ̀ ó ti pẹ́ tó ti kú.

Ó ku ọdún díẹ̀ kí àwọn Faransé dé nígbà tí Oumarou, olórí àwọn Gàmbàrí oníkẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, gba ìlú wa kọjá. Káún ni wọ́n rù láti òkè lọ́hùn-ún, káún tí a fi ń se ẹ̀wà kó lè tètè rọ̀. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wọn kan kú sí Manigri, Oumarou bá fi ẹrù rẹ̀ pamọ́ sílé Sànní: àpò ẹní méjì tí wọ́n ti rán lẹ́nu pinpin láti ibi tí wọ́n ti rà á. Ó ní kí Sànní gbé e wá bá òun ní Bassila lọ́jọ́ ọjà. Lọ́jọ́ náà Sànní gbé e lọ láti ìdájí, Nọ́fíù sì bá a lọ.

Kó tó di ọ̀sán, Nọ́fíù ti sáré padà dé, òógùn bò ó. Zénabou ń bẹ iṣu lẹ́yìnkùlé. Nọ́fíù ju òkúta funfun kan sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó bi í pé kí ló kó sínú ẹrù olówó.

Ó wá ròyìn. Wọ́n já àpò náà lójú àwọn oníbàárà. Káún ló wà lókè, òkúta ló kún ìsàlẹ̀. Wọ́n sọ òkúta náà sínú omi, kò yọ́. Oumarou ní Sànní ti kó káún òun jẹ, ó sì ti fi òkúta orí òkè dí i. Baálẹ̀ Bassila dá a pé bí ẹ̀rí mìíràn ò bá dé kí oòrùn tó rọ̀, kí Sànní máa bá Oumarou lọ dípò ẹrù rẹ̀. Wọ́n ti dè é lọ́wọ́. Ẹni tí àwọn Gàmbàrí bá sì mú lọ sókè báyẹn, ta ló ń rí i mọ́?

Zénabou mú òkúta náà, ó yí i padà. Ìgbín wẹ́wẹ́ tí kò ju ọkà bàbà lọ lẹ̀ mọ́ ọn lára, ihò gbòǹgbò esùsú sì wà nínú rẹ̀. Ó mọ òkúta yẹn ju bó ti mọ ojú ìyá tó bí i lọ, nítorí kékeré ni wọ́n ti jí i gbé, tí wọ́n tà á fún ọkùnrin kan tó ń kó ẹrú ha káún létí adágún iyọ̀. Inú omi tó ń jẹni lẹ́sẹ̀ ni wọ́n ń dúró sí láti òwúrọ̀ dalẹ́. Bí agbọ̀n ẹlòmíràn ò bá kún, tí ẹ̀rù pàṣán ń bà á, irú òkúta yìí ló ń tẹ́ sábẹ́. Ibẹ̀ ni Zénabou ti sá.

Bó bá dákẹ́, Sànní á lọ. Bó bá sọ̀rọ̀, Oumarou á bi í níbi tó ti mọ̀ ọ́n, wọ́n á sì dá a padà fún olówó rẹ̀. Ó já ọsàn wẹ́wẹ́ mẹ́ta, ó kó o sí ìṣẹ́tí aṣọ, ó tẹ̀ lé Nọ́fíù. Nọ́fíù bú u títí wọ́n fi dé Bassila. Ìyá àgbà sọ fún mi pé ìgbà mélòó kan lòun fẹ́ yà sínú igbó lọ́nà, ẹsẹ̀ òun ni kò gbà.

Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n ti ń di ẹrù ru kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Sànní jókòó sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn. Láti àárọ̀ ló ti ń sọ pé òun ò fọwọ́ kan àpò náà, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn mọ́. Zénabou kúnlẹ̀, ó tọrọ àyè lọ́wọ́ baálẹ̀. Ó ní kí wọ́n bá òun mú òkúta funfun kan wá láti orí òkè tiwọn. Wọ́n mú un wá. Ó fún ọsàn sí i, kò ṣe nǹkan kan. Ó fún un sí káún, ó hó. Ó wá lọ igun òkúta inú àpò náà, ó fún ọsàn tó kù sí i, òun náà hó, ó ń ru sókè yaya. Àwọn tó jókòó dìde wá wò ó.

“Bàbá, ẹ fojú yín rí i,” ni Zénabou wí. “Òkúta ilẹ̀ yìí kì í hó. Etí adágún tí káún ti wá ni èyí náà ti wá. Oòrùn ló ń fa omi ibẹ̀ gbẹ, káún á kù sílẹ̀ bí èépá. Ṣùgbọ́n omi dídùn ń sun nínú yanrìn etí rẹ̀. Ibi tó bá ti pàdé omi adágún, nǹkan funfun á máa rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á lẹ̀ mọ́ ìgbín, á lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò esùsú, ọdún á gorí ọdún, á di òkúta. Káún bá rí omi, á yọ́. Èyí ò ní yọ́ mọ́. Ẹni tó di ẹrù yìí lọ́hùn-ún ló dì í mọ́ ọn. Sànní ò rí adágún rí láyé rẹ̀.”

Oumarou gba òkúta náà, ó wo àwọn ìgbín ara rẹ̀ títí. Ọlọ́jà ni, kì í ṣe òmùgọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n tú Sànní. Ibi tí wọ́n ti ń tú okùn lọ́wọ́ ni ojú rẹ̀ ti bọ́ sí ẹsẹ̀ Zénabou. Bó ti kúnlẹ̀ tó ń lọ òkúta, ìró rẹ̀ ti ká sókè, àpá funfun sì bo ojúgun rẹ̀ méjèèjì. Àkàrà tú sépo.

“Mo ti dé etí adágún yẹn,” ni Oumarou wí. “Ẹni tó ń ha káún nìkan ló ń ní irú ẹsẹ̀ yìí. Ẹrú ta ni ọ́?”

Sànní ló dáhùn, okùn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan.

“Ará Pénéssoulou ni. Ilé bàbá rẹ̀ ni mo ti fẹ́ ẹ, kí bàbá náà tó kú. Iná ló jó o lẹ́sẹ̀ ní kékeré.”

Òótọ́ dé ọjà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra irọ́. Ọkùnrin tó ti ń sọ òótọ́ láti àárọ̀ tí wọ́n fi okùn dè é, irọ́ kan ṣoṣo ló pa, àwọn èèyàn sì ń mi orí sí i. Oumarou nìkan ni kò mi orí. Ó ti ń ná ọjà Manigri tipẹ́, ó mọ àṣà wọn. Ó yíjú sí Nọ́fíù, ó bi í pé ta ló ṣáájú iṣu lọ sí Pénéssoulou.

Nọ́fíù wo Zénabou. Ìyá àgbà ní òun ti ń wá ọ̀nà tí òun máa sá gbà, nítorí bí ẹnì kan bá wà láyé tó fẹ́ kí òun padà síbi tí òun ti wá, ọkùnrin yìí ni.

“Èmi ni mo ṣáájú,” ni Nọ́fíù wí. “Ogójì iṣu ni. Ìyàwó wa ni.”

Baálẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tán. Oumarou da kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ lọ, kò sì bojú wẹ̀yìn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rìn padà sí Manigri. Sànní di ọwọ́ Zénabou mú títí wọ́n fi délé, ohun tí ọkùnrin kì í ṣe lójú ọ̀nà nígbà náà.

Nígbà tí iṣu tuntun dé lọ́dún yẹn, Nọ́fíù ru iṣu wá sẹ́nu ọ̀nà Zénabou. Ó lọ, ó tún rù wá, títí ó fi pé ogójì. Zénabou bi í pé kí ni wọ́n fẹ́ fi iṣu tó tó báyìí ṣe.

“Mo ti sọ níwájú àwọn èèyàn pé mo rù ú,” ni Nọ́fíù wí. “Mi ò fẹ́ kú sínú irọ́, ìyàwó wa.”

Níwọ̀n bí kò ti sí bàbá tí yóò gbà á, Zénabou tẹ́ ẹní, ó jókòó, ó ń sunkún, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ gba iṣu ìdána ara rẹ̀ lọ́dún kẹwàá tó ti wà nílé ọkọ.