Egungun Tí Kò Sí Lọ́nà Ọ̀fun

Ọkọ mi kì í jẹ́ kí ajá wọlé wa. Mùsùlùmí ni wá, itọ́ ajá kò sì gbọdọ̀ kan aṣọ tí èèyàn yóò fi kírun. Ṣùgbọ́n ní oko wa, lọ́nà Òkè-Ìlá, ó ní ajá pupa kan tí ń bá a lé ọ̀bọ kúrò nínú kòkó. Ajá náà mọ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹni tó bá ń wá ìyàwó kékeré tí ẹ̀gbọ́n òun fẹ́, kó lọ wò ó lóko, ìrù ló ní. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, màá ní orogún tí kì í bá mi du ìkòkò ọbẹ̀ ló tẹ́ mi lọ́rùn.

Ayé ìjọba ológun ni, nígbà tí epo bẹntiróòlù ṣọ̀wọ́n, tí àwọn ọlọ́kadà ń fi ọwọ́ ti ọ̀kadà wọn kiri Ìlá. A ń ká kòkó lọ́wọ́ nígbà tí ajá náà kọ oúnjẹ. A dé oko, a bá a lábẹ́ ahéré, ó la ẹnu sílẹ̀, itọ́ ń dà, ohùn rẹ̀ ti há. Ọkọ mi ní egungun ló há a lọ́fun. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, torí bí ẹran tí egungun há ṣe ń ṣe nìyẹn. Ó ní kí n bá òun di orí rẹ̀ mú. Ó ki ọwọ́ bọ ọ̀fun ajá, ó wá egungun títí, kò rí nǹkan kan. Eyín ajá ha á níka. Ajá kò gbó, kò bínú, ó kàn ń wò ó.

Nígbà tí mo rí ẹ̀jẹ̀, mo pariwo díẹ̀. Ó ní, "Kò bù mí jẹ o. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi lọ bá eyín rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló tàn wá jẹ. Ta ni kò mọ ajá dìgbòlugi? Ṣùgbọ́n èyí tí a mọ̀ ni èyí tó ń sá kiri ìgboro, tó ń bu èèyàn jẹ, tí àwọn ọ̀dọ́ ń fi kùmọ̀ lé. A kò mọ̀ pé òmíràn máa ń dákẹ́. Kò pẹ́ tí ajá náà kú, ọkọ mi sì sin ín sí etí oko.

Ohun tó jẹ wá lógún ni ìrun. Ó mú aṣọ tí itọ́ kàn lọ sódò, ó fi omi fọ̀ ọ́ léraléra, ó tún fi iyẹ̀pẹ̀ fọ̀ ọ́, bí àáfà ṣe kọ́ wa, títí ọkàn rẹ̀ fi balẹ̀. Ìka ńkọ́? A kì í jẹ́ kí omi kan ojú egbò tútù lọ́dọ̀ tiwa, kó má baà kẹ̀. Mo run ewé efinrin sí i, mo fi àkísà dì í. Bó bá ń ṣe àlùwàlá, á fi ọwọ́ tó tutù pa àkísà náà lórí, torí ẹ̀sìn gbà bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó lọ́gbẹ́. Aṣọ rí omi àti iyẹ̀pẹ̀, ìka kò rí ọṣẹ. Egbò náà jinná, a sì gbàgbé rẹ̀.

A ti ń kọ ebè nígbà tí ìka náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́, bí ìgbà tí èèrà ń rìn nínú rẹ̀. Ibà tẹ̀ lé e, ó lo oògùn ibà. Lọ́jọ́ kan, ó jókòó ti kẹ́tù láti ṣe àlùwàlá aláásárì. Ó bu omi sẹ́nu, ọ̀fun rẹ̀ fún pọ̀, orí rẹ̀ ta sẹ́yìn, omi gba imú jáde. Ó tún gbìyànjú. Kí omi tó kan ètè rẹ̀, ara rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Mo bi í bóyá egungun ẹja tó jẹ lọ́sàn-án ni. Ó ti kẹ́tù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìyá wọn, bó ṣe ṣe ajá mi nìyí."

Mo dìde, mo lọ pe àbúrò rẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ wá epo kiri ìlú kí a tó rí mọ́tò tó gbé wa lọ sí ọsibítù ńlá. Lọ́nà, atẹ́gùn ojú fèrèsé ń dà á láàmú bí omi ṣe dà á láàmú, mo fi ìborùn mi bò ó lójú. Dókítà, ọmọbìnrin kan tí kò dàgbà ju àbíkẹ́yìn mi lọ, bi wá léèrè ajá, ó sì pe èmi àti àbúrò ọkọ mi síta. Ó ní ohun tó ń ṣe é kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè rí i, inú itọ́ ajá ló wà. Kì í bá ẹ̀jẹ̀ rìn bí ti ibà. Ojú ibi tí eyín ha ló gbà wọlé, ó bọ́ sójú iṣan tí a fi ń mọ ìrora, ó ń gun apá bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ní gbogbo ìgbà tí à ń kọ ebè, tí à ń jẹun, tí à ń rẹ́rìn-ín, títí ó fi dé ọpọlọ. Bó bá débẹ̀ tán, á pọ̀ sí i, á sọ̀ kalẹ̀ sínú itọ́ ẹni náà, ọ̀fun kò sì ní gba omi mọ́. Ó ní ká ní a fi ọṣẹ àti omi fọ ìka náà dáadáa lọ́jọ́ yẹn, tí a sì wá gba abẹ́rẹ́, ara rẹ̀ ìbá ti kọ́ bí yóò ṣe dá a dúró lójú ọ̀nà.

Àbúrò ọkọ mi ní, "Dókítà, ẹ gún un fún un náà."

"Ẹ má bínú, bàbá. Kò lè ṣe nǹkan kan fún wọn mọ́. Màmá ló kù tí mo lè gún un fún."

Torí pé mo di orí ajá mú, torí pé mo ń nu itọ́ ẹnu ọkọ mi. Abẹ́rẹ́ tó yẹ kó wọ ara rẹ̀, apá tèmi ló wọ̀. Ó rí mi tí mo ń fi ọwọ́ ra èjìká, ó béèrè, mo sọ fún un. Inú rẹ̀ dùn. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn.

Orí rẹ̀ pé nígbàkúùgbà tí gìrì bá fi í sílẹ̀. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ètè rẹ̀ ti là. Mo rẹ aṣọ sínú omi, mo gbé e pamọ́ sẹ́yìn mi, mo fẹ́ fi kan ètè rẹ̀. Ó mọ̀. Ọrùn rẹ̀ le gan-an kí n tó sún mọ́ ọn. Nígbà tó rọ̀, ó ní, "Má bínú. Mo fẹ́ mu ún o. Ọ̀fun mi ni kò gbà."

Ìyálẹ̀ta ló kú. A gbé e wálé sí Ìlá, àwọn ọkùnrin sì ta aṣọ yí ẹ̀yìnkùlé ká láti wẹ̀ ẹ́. Mo jókòó sí ẹ̀yìn ògiri. Mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bu omi, tí wọ́n ń dà á sí i lójú, sí i lọ́rùn, sí i láyà. Mo dẹtí, mo ń retí kí ẹnìkan sọ pé ó gbọ̀n. Omi kàn ń dà ni. Ó gba abẹ́ ògiri ṣàn wá bá mi níbi tí mo jókòó sí, ó kan ẹsẹ̀ mi, mi ò sì gbé ẹsẹ̀ mi kúrò.