Ọmọ Tí Wọ́n Sọ Ní Lẹ́kí

Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ pé Lẹ́kí yóò dára lórúkọ ọmọ. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí ó pẹ́ tó ti ń dùn mí pé kò sẹ́ni tó rántí.

Bíríkìlà ni mí. Ní Lakowe tó wà lẹ́yìn Lẹ́kí l'Ékòó là ń kọ́lé nígbà náà, nínú ilẹ̀ ńlá kan tí wọ́n mọ odi yí ká, èmi àti ọ̀rẹ́ mi tí mo mú wá láti ìlú wa. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí à ń mu gààrí, mo ní lọ́jọ́ tí Ọlọ́run bá fún mi lọ́mọbìnrin, Lẹ́kí ni màá pè é. Àwọn yòókù fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Ọ̀kan ní kí n kúkú pè é ní Dùbáì, ṣebí ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀rẹ́ mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó yé e. Nílé wa, bí wọ́n bá ti gbọ́ pé ọmọ ẹnì kan wà ní Lẹ́kí, àga ni wọ́n máa ń gbé fún ìyá rẹ̀. Wọn ò mọ̀ pé Lakowe tí a wà, àti Ajah àti Ṣàngótẹ̀dó, kì í ṣe Lẹ́kí gan-an, àwa náà ò sì sọ fún wọn.

Àṣìṣe mi nìyẹn. Àwọn àgbà wa kì í dárúkọ ọmọ tí a ò tíì bí. Èmi dárúkọ èyí tí a ò tíì lóyún rẹ̀ pàápàá. Ó ti pé ọdún mẹ́ta nígbà náà tí mo ti gbéyàwó, a ò tíì rí nǹkan kan.

Kò pé ọdún kan tí ìyàwó ọ̀rẹ́ mi dé bá a tó fi bímọ, obìnrin. Inú ilé tí à ń kọ́ yẹn ni wọ́n ń sùn, wọ́n fi páànù dí ojú fèrèsé. Ìyá ọ̀rẹ́ mi sì ń bọ̀ wá sí ìkómọ, ìyá tí ọmọ rẹ̀ ti sọ fún pé òun ti gba yàrá. Ọ̀rẹ́ mi wá bá mi.

"Yá mi ní yàrá rẹ fún ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò fẹ́ kí màámi rí ibi tí à ń sùn."

Mo yá a. Èmi àti ìyàwó mi lọ há mọ́ aládùúgbò wa lọ́wọ́.

Nínú yàrá mi ní Ṣàngótẹ̀dó, lẹ́yìn orúkọ tí Àfáà fún ọmọ náà, wọ́n ní kí bàbá ọmọ mú tirẹ̀ wá. Ó wojú mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Lẹ́kí." Ìyá rẹ̀ pàtẹ́wọ́. Ìyàwó mi, tí mi ò sọ ọ̀rọ̀ orúkọ náà fún rí, yíjú sí mi, ó ní orúkọ yìí mà dùn o. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ ò ní gbà gbọ́ bí orúkọ yẹn ṣe ràn. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì nítòsí wa sọ ọmọ tirẹ̀ bẹ́ẹ̀, kápẹ́ńtà wa náà sọ ọ́. Bàbá apẹja kan, ọmọ onílẹ̀ Lakowe, ní wọ́n ti ra ilẹ̀ àwọn tán, àwa wá ń kó orúkọ rẹ̀ lọ. Nígbà tí mo délé fún Iléyá, Lẹ́kí mẹ́ta ló wà ládùúgbò wa nìkan, ọ̀rẹ́ mi ni gbogbo wọn sì ń yìn pé ó dá a sílẹ̀. Bí wọ́n bá pe ọ̀kan, ńṣe ló máa ń ṣe mí bíi pé ọmọ mi ni wọ́n ń pè, tí kò dáhùn.

Ìyá ọ̀rẹ́ mi bu ẹran fún mi lọ́jọ́ náà. Ó bi mí pé tèmi ńkọ́, pé ọ̀rẹ́ mi ti gba yàrá, ó ti bí Lẹ́kí, kí n sún mọ́ ọn kí n kọ́gbọ́n. Kò ní in lọ́kàn láti bú mi. Mo rọra gbé ẹran sílẹ̀.

"Ìyá, yàrá mi lẹ sùn sí. Ilé tí kò ní ilẹ̀kùn ni Lẹ́kí ń sùn."

Òótọ́ ni mo sọ. Ohun tí mo fi ń tu ara mi nínú nìyẹn títí mo fi padà sẹ́nu iṣẹ́.

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, Ìyá dé sí Lakowe láìsọ fẹ́nì kankan. Ó wo páànù ojú fèrèsé, ó wo ara ọmọ tí ẹ̀fọn ti jẹ, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó pọn ọmọ, ó ní kí ìyá ọmọ kó ẹrù, wọ́n wọkọ̀ lọ sílé.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀rẹ́ mi bi mí ta ló sọ fún màmá òun. Mo ní èmi ni. Ó bi mí ohun tí òun ṣe fún mi, mo sì sọ ti orúkọ fún un.

"Èmi rò pé orúkọ yẹn ni mo fi ń dúpẹ́ yàrá lọ́wọ́ rẹ," ló wí.

Kò pẹ́ tó fi wá iṣẹ́ lọ sí apá Ajah.

Mo lọ bẹ Ìyá nílùú wa. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, ó ní òun ti gbọ́, òun ti dárí jì mí, kí n dìde. Mò ń gbọ́ ohùn ọmọ náà nínú ilé. Mo bi í bóyá Lẹ́kí ni wọ́n ṣì ń pe ọmọ náà.

"Ó lórúkọ," Ìyá dá mi lóhùn. "Àwa tí à ń bá a gbé mọ̀ ọ́n."