Kádì Tó Ń Pe Barnabas Awóníyì

Lọ́jọ́ ìkórè ọdún 1996, odindi ìjọ kan ní Iléṣà dìde, wọn ò sì jókòó mọ́. Kọ̀ǹpútà Barnabas Awóníyì ló ní kí wọ́n dìde. Ó gbé mọ́nítọ̀ ńlá kan sórí tábìlì níwájú ìjọ, ó tẹ bọ́tìnì kan, ọ̀rọ̀ funfun sì yọ lójú rẹ̀: GBOGBO IJO, E DIDE. Wọ́n dìde. Wọ́n ń retí kí ọ̀rọ̀ orin máa gòkè lójú mọ́nítọ̀ bí Barnabas ṣe ṣèlérí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò kúrò. Dùùrù kọ orin tán, ó dákẹ́. Pásítọ̀ gun àga ìwàásù, ó wo ìjọ. Ìjọ ń wo mọ́nítọ̀.

"Ẹ jókòó," ni Pásítọ̀ wí.

"Ẹ má tíì jókòó o!" Barnabas pariwo láti ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà. "Ó ń bọ̀!"

Ìfaradà ni ìwàásù ọjọ́ náà dá lé. Orí ìdúró ni wọ́n ti gbọ́ ọ.

Ẹnì kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ nínú. Màmá Rẹ̀mílẹ́kún, ìyá Barnabas, ni. Láti ìgbà tí etí Màmá ti di pátápátá ló ti ń wà lẹ́yìn ìjọ nínú ohun gbogbo. Wọ́n á ti dìde tán kó tó dìde. Wọ́n á ti ṣe àmín kó tó dé ẹsẹ tó kẹ́yìn, ohùn rẹ̀ á sì máa dún kíkankíkan nínú ìdákẹ́jẹ́ gbogbo ilé. Ìwé orin wà lọ́wọ́ rẹ̀ o, ṣùgbọ́n ìwé kì í sọ ibi tí àwọn yòókù dé. Lọ́jọ́ ìkórè yẹn, Màmá ka E DIDE, òun ló sì kọ́kọ́ dìde nínú gbogbo ìjọ. Ó wẹ̀yìn, ó fi ojú àánú wo àwọn tó pẹ́.

Inú Ọ̀gbẹ́ni Ògúndélé kò dùn ní tirẹ̀. Òun ni olórí akọrin, ó sì ti kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá nílé ìwé títí ó fi fẹ̀yìn tì.

"Barnabas, a ti gbà fún ọ lẹ́ẹ̀kan," ó ní. "Bí ìkórè tó ń bọ̀ bá tún rí báyìí, Màmá á bọ́ sí ìjókòó ẹ̀yìn, wọ́n á sì máa fi ọkàn kọrin. Ọlọ́run ń gbọ́ orin inú ọkàn."

"Ọlọ́run ń gbọ́, sà. Màmá ni kò gbọ́. Àwọn ni mò ń ṣe é fún."

"Àti pé E DIDE tí o kọ síbẹ̀ yẹn, àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀ dà?"

"Ẹ̀rọ òyìnbó ni, sà. Kò ní in."

"A jẹ́ pé kò tíì mọ̀wé."

Rédíò ni Barnabas ń tún ṣe ní àdúgbò Ìsọ̀kún kí kọ̀ǹpútà tó gbà á lọ́kàn. Ó gbọ́ pé èdè kan wà tí èèyàn lè fi bá inú ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ tààrà, láìsí alágbàwí láàárín. C ni wọ́n ń pe èdè náà. Ó ra ìwé rẹ̀, ó jókòó tì í, nígbà tó sì lọ kí àna rẹ̀ ní Ìbòkun, bàbá ìyàwó rẹ̀ béèrè ohun tó ń ṣe lọ́wọ́.

"Èdè kan ni mò ń kọ́, sà. Èdè Sí."

"Sí ibo?"

"Sí náà ni, sà. Sí lásán."

"Mo gbọ́. Sí ibo ni mo bi ọ́."

Bàbá pe Julianah ọmọ rẹ̀ sí kọ̀rọ̀, ó ní kó máa ṣọ́ ọkọ rẹ̀ dáadáa: ó jọ pé ó fẹ́ rìnrìn àjò, kò sì mọ ibi tó ń lọ.

Ohun tí Barnabas ń wá kò ṣòro láti sọ. Nínú kọ̀ǹpútà, kádì kan wà tó ń kun àwòrán sójú mọ́nítọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ẹni ń kun ògiri. Bó bá kùn ún dé ìsàlẹ̀, tó fẹ́ padà sókè, á pe ẹ̀rọ pé òun ti ṣe tán. Ẹni tó bá yí ọ̀rọ̀ padà kí kádì tó pè, ọ̀rọ̀ á ya sí méjì lójú mọ́nítọ̀. Ẹni tó bá dúró de ìpè náà, ọ̀rọ̀ á máa gòkè wọ́ọ́rọ́wọ́ bí aago. Iṣẹ́ Barnabas ni láti fi èdè C kọ́ ẹ̀rọ ní ohun tó máa ṣe nígbà tí kádì bá pè.

Kádì àkọ́kọ́ tó rà kì í pè rárá. Ó gbé e padà lọ sí Òṣogbo, sọ́dọ̀ Mùíbì tó tà á fún un.

"Mùíbì, odi lo tà fún mi."

"Bọ̀ọ̀dá, kádì wo lẹ rí tó ń sọ̀rọ̀? Ṣé àwòrán ò yọ ni?"

"Ó ń yọ. Kì í pè."

"Ẹ̀yin náà ẹ máa yọjú sí i lóòrèkóòrè, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó ti ṣe tán. Bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe nìyẹn."

"Kí n máa yọjú sí i bí ẹni ń se ẹ̀wà? Kádì tó bá níwà á pe èèyàn ni."

Mùíbì tú gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ títí ó fi rí ògbólógbòó kádì kan tó ń pè. Láti ọjọ́ náà, bí àwọn ará ṣọ́ọ̀bù bá ti rí Barnabas lókèèrè, wọ́n á ní: "Ẹ kó àwọn tó lẹ́nu jáde, oníbàárà Iléṣà ti dé!"

Nílé, Julianah náà ń pè.

"Barnabas, iyán ti délẹ̀ o!"

"Mo gbọ́!"

Kò ní dìde. Julianah á tún pè, Barnabas á tún ní òun gbọ́, iyán á sì tutù.

"Kádì kì í pè ọ́ kó o má dá a lóhùn," Julianah ní. "Ṣé kí n wọ inú kọ̀ǹpútà lọ kí n tó pè ọ́ wá jẹun ni?"

"Má wọ ibẹ̀," Barnabas ní, kò gbójú sókè. "Àyè ò sí."

Ìwé kọ́ ló fi àṣìṣe ọjọ́ ìkórè hàn án. Àpìkẹ́ ni, ẹ̀gbọ́n Julianah. Àpìkẹ́ ló máa ń ṣílẹ̀kùn fún àlejò nílé wọn ní Ìbòkun, òun náà ló sì máa ń wọlé lọ sọ fún Bàbá pé àlejò dé. Lọ́jọ́ kan, kádì kún orí Barnabas débi pé ó gba ẹ̀gbẹ́ Àpìkẹ́ kọjá láìkí i, ó lọ dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún Bàbá. Nígbà tó tún padà lọ, ó kan ilẹ̀kùn títí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo mọ̀ pé ẹ wà ńbẹ̀!"

"Mo wà ńbẹ̀," Àpìkẹ́ dáhùn láti inú ilé. "Ṣebí onílé nìkan lo máa ń kí? Kí onílé wá ṣílẹ̀kùn fún ọ."

Barnabas dúró nínú oòrùn. Lójijì, ó gbá orí mú. "Mo ti rí i!"

Kádì kì í bá ọ̀gá inú ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ tààrà. Ẹ̀yà kékeré kan ló ń gba ìpè rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tó ń gbé e wọlé. Barnabas ti kọ́ ẹ̀rọ láti dá kádì lóhùn, ṣùgbọ́n kò kọ́ ọ láti dá ẹni tó ṣílẹ̀kùn lóhùn. Lẹ́yìn ìpè àkọ́kọ́, aṣílẹ̀kùn tilẹ̀kùn, ó ń dúró de ìkíni tirẹ̀, odindi ìjọ sì ń bá a dúró.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun! Ẹ ṣeun gan-an ni o!"

Ó sáré wọ mọ́tò padà sí Iléṣà. Nígbà tí Àpìkẹ́ fi máa ṣílẹ̀kùn, ojú ibi tí àyà ọkùnrin náà ti kan ilẹ̀ nìkan ló bá.

Nígbà tí ìkórè ọdún kejì dé, ọ̀rọ̀ kékeré kan wà ní igun mọ́nítọ̀: MO GBO. Gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ bá dá kádì lóhùn ló ń kọ ọ́. Kádì sì ń pè kíákíá ju bí èèyàn ṣe ń ṣẹ́jú lọ, nítorí náà ọ̀rọ̀ náà ò kúrò níbẹ̀. Bó bá pòórá, Barnabas á mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́.

Ògúndélé tẹ̀ síwájú, ó kà á. "Mo gbó? Ajá wo ló ń gbó níwájú pẹpẹ?"

"Mo gbọ́ ni, sà."

"N kò rí àmì kankan. Gbó ni mo kà."

"Ó dáa, sà, ẹ kà á bẹ́ẹ̀. Ẹ bá mi gbàdúrà pé kí n gbó, kí n tọ́."

"Àmín," Ògúndélé ní, bí ẹni tí wọ́n fipá gba àmín lẹ́nu rẹ̀.

Ìlà kìíní orin yọ: A TI OKO DE. Àwọn obìnrin mélòó kan kọ ọ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ọkọ dé, ẹ̀rín sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ń gòkè wọ́ọ́rọ́wọ́, Màmá Rẹ̀mílẹ́kún sì ń tẹ̀ lé e. Ohùn rẹ̀ kò dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àmọ́ inú ohùn àwọn yòókù ló wà. Nígbà tí wọ́n parí, òun náà parí. Ó bá wọn ṣe àmín. Pásítọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà nígbà tí Màmá yíjú sí ìjọ, tó sì pariwo bí adití: "Uṣẹ́ ọmọ mi rèé o!"

Ògúndélé ò dárúkọ ìjókòó ẹ̀yìn mọ́. Ó kàn ní ọ̀rọ̀ oko àti ọkọ yẹn ṣì wà nílẹ̀.

Orí ìjókòó iwájú ni Màmá ti lo ìyókù ayé rẹ̀. Lẹ́yìn tí Màmá kú, kò pẹ́ rárá tí àìsàn tí wọ́n pè ní ibà lásán fi mú Barnabas náà lọ. Irun funfun ò tíì yọ lórí rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀, Julianah ló jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ó tẹ bọ́tìnì. GBOGBO IJO, E DIDE. Wọ́n dìde, àwọn tó rántí sì di ẹ̀yìn ìjókòó iwájú wọn mú, wọ́n múra sílẹ̀ fún ìdúró. Ẹ̀rín díẹ̀ sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ orin gòkè láìdúró títí ó fi tán, ó wá ku igun mọ́nítọ̀ nìkan.

"Barnabas," Julianah pè, bó ṣe máa ń pè é wá jẹun.

Ìjọ wo igun mọ́nítọ̀. MO GBO.

Ògúndélé dìde láàárín àwọn akọrin, ó ń bọ̀ níwájú díẹ̀díẹ̀. Àwọn kan ti ń mi orí: àbí títí dòní? Ó fi ọwọ́ wá inú àpò, ó mú ṣọ́ọ̀kì jáde, ó fi sàmì kékeré kan sí abẹ́ O inú GBO lójú gíláàsì. Ó sún sẹ́yìn, ó wò ó bí olùkọ́ ṣe ń wo iṣẹ́ ọmọ ilé ìwé. Ó padà, ó fi àmì òkè sí i.

"Kò gbó," ó sọ fún Julianah. "Àmọ́ ó gbọ́."

Pásítọ̀ ní kí ìjọ jókòó. Kò sẹ́ni tó jókòó.