Fàúsátù, Atọ́miwò Adágún Agbọ́nmi

Láyé ìgbà náà, ẹni tó bá ń wá Fàúsátù, aya Láwàl, kó má wulẹ̀ lọ sílé rẹ̀. Kó gba ẹ̀yìn abúlé wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mowe, yóò bá a létí adágún Agbọ́nmi tòun ti ahá lọ́wọ́, tó fajú ro bí ẹni tí wọ́n jí adìẹ rẹ̀ gbé. Obìnrin kúkúrú ni, ẹnu rẹ̀ mú, orí rẹ̀ sì kunkun. Orí kunkun yẹn la fi rí omi mu.

Làfún ni gbogbo obìnrin abúlé wa ń ṣe tà. Inú adágún tí à ń mu náà la máa ń rẹ ẹ̀gẹ́ sí, nítorí ó rọrùn ju kéèyàn máa pọnmi kún ìkòkò nílé lọ. Lọ́dún 1958, ọ̀gbẹlẹ̀ mú kí omi fà, ẹ̀gẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju omi lọ, ìgbẹ́ gbuuru sì wọ àárín àwọn ọmọ wa. Àsmá'ù, ọmọ Fàúsátù, kò là á já. Fàúsátù sunkún tán, ó nu ojú, ó lọ kó ẹ̀gẹ́ tirẹ̀ jáde lójú gbogbo wa.

Ó ní, "Èmi náà rẹ ẹ síbẹ̀. Mi ò jẹ́ rẹ ẹ níbẹ̀ mọ́ láéláé, ẹlòmíràn ò sì ní í rẹ ẹ lójú mi."

Ọ̀rọ̀ náà di òfin. Kí ẹnikẹ́ni tó pọnmi láàárọ̀, obìnrin tó bá kàn yóò bu omi ahá kan, yóò mu ún lójú gbogbo èèyàn. Kì í ṣe kó fi yọ ẹnu kó tu ú dànù o, ó gbọ́dọ̀ gbé e mì. Bó bá ní ó dára, a ó pọn ọ́n. Bó bá ní ó ti kan, ẹni tó rẹ ẹ̀gẹ́ síbẹ̀ yóò kó o jáde. Ẹni tí kò bá mu ún kò lẹ́nu ọ̀rọ̀.

Ó ń lọ dáadáa títí ààwẹ̀ fi bọ́ sínú ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún kejì. Ta ni yóò mumi láàárọ̀? Mùsùlùmí ni gbogbo wa. La bá fẹnu kò pé kí á dá mímu dúró di ìtúnu ààwẹ̀, Fàúsátù náà sì gbà. Ẹ wo irú ọgbọ́n àgbàlagbà bẹ́ẹ̀!

Kúlúsúmù, ìyálé Fàúsátù, ló kọ́kọ́ rí àyè níbẹ̀. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Ìbafo ń fẹ́ làfún ọdún. Ó di ẹ̀gẹ́ sínú àpò, ó rì í síbi tí koríko ti bo omi. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, òórùn dé imú Fàúsátù, ó wá a kiri, ó fa àpò kan yọ. Gbogbo wa la mọ àkísà tí wọ́n fi di ẹnu àpò náà.

Fàúsátù kúnlẹ̀. "Ìyálé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó o jáde."

"Ìyàwó, ta ló mu ún?" Kúlúsúmù ò tilẹ̀ ṣẹ́jú. "Ṣebí òfin tìẹ ni. Ẹ dúró di ìgbà ìṣínu."

"Àwọn ọmọ tí kì í gbààwẹ̀ ò ní í dúró, Ìyálé mi. Wọn ó ti mu ún kí oòrùn tó wọ̀."

"Mo ní ta ló mu ún?"

A ń wo ara wa lójú. Ojú tì mí níbi tí mo dúró sí. Fàúsátù dìde, ó bu omi kún ahá, ó ní "Bísímílláhì", ó sì mu ún tán.

"Èmi ni. Ó ti kan."

Kúlúsúmù wọ inú omi lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa àpò rẹ̀ jáde.

Àfáà Nọ́fíù ò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ó ní ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ba ààwẹ̀ rẹ̀ jẹ́, oṣù méjì gbáko ni yóò fi gbààwẹ̀ san án. Inú bí mi sí i lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n Fàúsátù kò bẹ̀bẹ̀. Ó ní òun gbọ́. Nígbà tí a túnu tí a ń jẹun ọ̀sán, ọ̀fun tirẹ̀ ṣì ń gbẹ, àràárọ̀ ló sì ń wà létí adágún, tó ń wo ẹnu ẹni tó ń mumi.

Nílẹ̀ wa, ìyálé kì í dáná fún ìyàwó. Ṣùgbọ́n Kúlúsúmù ló ń jí se sàárì Fàúsátù, òun náà yóò sì jókòó, yóò jẹ nínú rẹ̀, kò ní í fẹnu kan nǹkan mọ́ títí di alẹ́. Ọjọ́ tí Láwàl bi í pé kí ló ń gbààwẹ̀ fún, ó gbójú sókè níbi tó ti ń fọ abọ́.

Ó ní, "Ààwẹ̀ tèmi ni ìyàwó yín ń gbà. Ṣé kí n máa jẹun lójú ẹ̀ ni?"