Àdá Táyé Kì Í Tẹ̀

Òòlù tó ń dún lágbẹ̀dẹ Táyé, àyà Ìbíkúnlé ló ń bá lù. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń rọ àdá ní Ìkéré, àfi bí àwọn àgbẹ̀ ṣe ya lọ sọ́dọ̀ Táyé, ọmọ àná tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Wọ́n ní àdá Táyé kì í tẹ̀. Babáfẹ́mi, ọlọ́kòó kòkó lọ́nà Ìgbàrà-Odò, nìkan ló ṣẹ́ kù fún un, òun náà sì ti ń kùn.

Ìbíkúnlé ní oògùn ni Táyé ń lò. Ó rán Christiana, ìyàwó ẹ̀, kó lọ ṣe bí ẹni tó fẹ́ ra ọ̀bẹ.

"Bàbá Yínká, mo dé ulé ẹ̀, mi ò rí oògùn o. Tí irin bá pọ́n, á jẹ́ kó ṣú díẹ̀. Á lù ú pẹrẹsẹ, á gbé e nàró, á lù ú padà, á tún yí i. Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn títí òógùn fi bò ó."

"Kó wá padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀? Iṣẹ́ wèrè!"

"Wèrè ọ̀hún náà ni ò jẹ́ kẹ́ ẹ sùn."

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Ìbíkúnlé fi ṣe iṣẹ́ wèrè. Irin le. Àmọ́ kò dán tó lójú ẹ̀, ló bá tún sọ ọ́ sínú iná bí bàbá ẹ̀ ṣe máa ń ṣe, ó ń fẹ́ná sí i títí ó fi pọ́n bí epo.

Babáfẹ́mi fi àdá náà ṣá kùkùté níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ó tẹ̀ bí ewé. Táyé tó ń kọjá lọ bá yà. Ó tẹ̀ ẹ́ síwá, ó tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, ó kán.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo inú ẹ̀, hóró-hóró bíi gàrí tí wọn ò jọ̀. Ẹ lù ú dáadáa, ó ti kúná bí èlùbọ́. Iná ìkẹyìn yẹn ló tún mú hóró inú ẹ̀ wú."

Ta ló bi í? Ó sì tún dọ̀bálẹ̀ kó tó lọ! Ká ní ó fi Ìbíkúnlé ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ara ì bá tù ú.

"Táyé, dúró dè mí," ni Babáfẹ́mi wí, ó tẹ̀ lé e.

Ìbíkúnlé koná. Ó ń lu irin, ó ń pe orúkọ Táyé mọ́ òòlù kọ̀ọ̀kan, nígbà tó lù ú tán, kò dá a padà síná mọ́. Àdá ọ̀hún ò tẹ̀. Títí dòní, Ìbíkúnlé kì í kí Táyé tí wọ́n bá pàdé.